Kafíńtà Tí Ọkọ̀ Dúró Dè

Ẹ̀ẹ̀kejì tí kafíńtà náà máa ní kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró nìyẹn, ojú sì ti ń tì í bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

"Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró lọ́ọ̀ọ́kán yẹn."

Àwọn èrò pòṣé. Ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ní, "Àbí odò lẹ gbé mì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ni?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Dírẹ́bà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Obìnrin ni, ó so ìborí pupa mọ́rí, ó jókòó gangan nídìí ìtọ́kọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ó wo kafíńtà nínú dígí, ó rí òógùn tó bo iwájú orí rẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ wọlé láti gbogbo fèrèsé, ó sì rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Kafíńtà bọ́ sílẹ̀, ó forí lé ẹ̀yìn àwọn igi kéékèèké kan. Ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe kíá tí yóò sì máa bá tiẹ̀ lọ, iṣẹ́ ńlá ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ó dúró, ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ tẹ abẹ́ ìdodo, ó sé èémí. Ìtọ̀ kán tó, ó dá. Ó tún kán tó. Nígbà tó wá fẹ́ ṣàn díẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú, ó sì ń ta á bí ata.

"Ọ̀gá, ṣé ilé lẹ ń kọ́ síbẹ̀ ni?" Ọkùnrin kan ló pariwo láti ojú fèrèsé.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn dírẹ́bà. "Ẹ fi ọkùnrin yẹn lọ́rùn sílẹ̀ o! Òun kọ́ la dúró dè. Ẹ́ńjìnnì ló gbóná. Bí mo bá ń sá a lọ báyìí, gbogbo wa la máa fẹsẹ̀ rìn délé." Ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ inú rẹ̀ bí dókítà tó ń wo aláìsàn. Àwọn èrò dákẹ́. Àwọn míì tiẹ̀ ń kí i kú iṣẹ́.

Nígbà tí kafíńtà padà dé, iwájú ọkọ̀ yẹn ló gbà kọjá. Kò sí èéfín, kò sí ooru kankan. Dírẹ́bà ò gbójú sókè. Ó kàn bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ó ti tán?"

Irọ́ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, àmọ́ kò lè pa á. "Ó ku díẹ̀."

"Ẹ padà lọ. Ẹ́ńjìnnì wa ò tíì tutù."

Ó padà lọ. Bó ṣe dúró sẹ́yìn àwọn igi náà lẹ́ẹ̀kejì, omijé bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ìrora ló fà á.

Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀, ó dúró títí gbogbo èrò fi tán, ó wá lọ bá a.

"Ẹ ṣeun, mà."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ parọ́ nítorí mi."

Obìnrin náà tú ìborí rẹ̀, ó nu ojú. "Irọ́ kẹ̀? Mo ní ẹ́ńjìnnì gbóná. Ẹ́ńjìnnì wo lẹ rí rí tí kì í gbóná?"

Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu kafíńtà lọ́jọ́ náà, kò rántí ìgbà tó ti rín irú rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Arọra ni àwọn èrò ń pe obìnrin náà, nítorí bó ṣe ń rọra wakọ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá náà kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kafíńtà ò mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀, nítorí ó kàn rí i pé òun ń rìnrìn àjò ṣáá ni. Ó ń lọ ra pákó. Ó ń lọ wo pákó. Ó ń lọ bèèrè bóyá pákó ti dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù, gbé ayùn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wo òkìtì pákó tó ti dí ilẹ̀kùn. "Jọ̀ọ́, àbúrò, pákó wo lo tún ń lọ rà? Ṣé ọkọ̀ ojú omi la fẹ́ kàn ni?"

"Èyí tó dáa ni mò ń wá."

"Mo mọ̀. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà gan-an ló máa ń jókòó. Wọ́n á sọ̀rọ̀ títí ọ̀nà á fi tán. Nígbà tó kíyè sí i pé ẹ̀yìn ń dun Arọra tó bá ti wakọ̀ lọ wakọ̀ bọ̀, ó kan ìfẹ̀yìntì kan fún un, ó gbẹ́ ẹ, ó dán an, ó fi tìmùtìmù wé e. Arọra fẹ̀yìn tì í, ó pa ojú dé.

"Háà. Báwo lo ṣe mọ ibi tí ẹ̀yìn mi ti tẹ̀?"

"Mo ti ń wò ó tipẹ́."

"Olójú kòkòrò!" Arọra gbá a léjìká, àmọ́ inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti já ìyá àgbà kan sílẹ̀ níbi tí ìyá náà ń lọ. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n dẹ́kun "ẹ" pípè síra wọn.

Ìfẹ́ wọn dùn. Arọra ń pè é ní "Àyànfẹ́," òun náà ń pe Arọra ní "Ẹ̀yinjú mi." Ṣùgbọ́n ohun kan wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò fọwọ́ kàn. Kafíńtà kì í mu omi tó bá máa wọkọ̀. Arọra á gbé ike omi fún un, kafíńtà á ní òùngbẹ ò gbẹ òun.

"Ètè ẹ ti bó, Àyànfẹ́."

"Atẹ́gùn ni."

Arọra á wò ó, á dá ike náà padà sí àyè rẹ̀, á tún wò ó, bí ẹni tó ń dúró dè é.

Ohun tó ṣe kafíńtà kò ju báyìí lọ. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ń kan òrùlé ilé kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já bọ́, ó sì balẹ̀ gàdà sórí igi àjà, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Ìrora náà lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìtọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ilé ìwòsàn ní ọgbẹ́ inú ti di àpá, àpá náà sì ti fún ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ là á, wọ́n fi èyí tó tóbi díẹ̀ tẹ̀ lé e. Ara tù ú. Kò pẹ́, ó tún dí. Wọ́n tún là á. Ó tún dí. Bí wọ́n ṣe ń là á tó ni ìdíwọ́ náà ń yára padà sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ti fẹ́ fẹ́ rí ló gbọ́ pé ọ̀nà ìtọ̀ ló ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọbìnrin náà ò bèèrè ohunkóhun. Ó kàn sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé oníṣekúṣe ni, pé àrùn ló kó. Láti ìgbà náà ni kafíńtà ti pa ẹnu rẹ̀ dé pátápátá.

Ìgbà tó yá, Arọra ní kó wá sílé kí àwọn òbí òun rí i.

Ó wọ aṣọ tó dáa jù, kò mu omi láti àárọ̀. Bàbá Arọra fi ọ̀yàyà gbà á. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fọwọ́ tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò. "Ọwọ́ oníṣẹ́ nìyí," ni bàbá wí. Màmá ní tiwọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ṣì ní ojú tíṣà. Wọ́n wò ó láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kí wọ́n tó ní kó jókòó. Wọ́n wá gbé tíì gbígbóná síwájú rẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù ńlá kan.

Kí ló fẹ́ sọ? Ó mu ún. Wọ́n tún bu òmíràn sí i. Ó tún mu ún.

Nígbà tó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, kò rí nǹkan kan. Ó padà wá jókòó, ó ń dáhùn ìbéèrè màmá nípa iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ mọ́. Ó tún lọ. Ẹyọ ẹ̀kán kan ò jáde. Abẹ́ ìdodo rẹ̀ le bí pákó. Òógùn rin ín gbingbin.

Arọra kan ilẹ̀kùn. "Àyànfẹ́, ṣílẹ̀kùn."

"Mò ń bọ̀."

"O ò bọ̀. Ṣílẹ̀kùn."

Ó ṣí i. Orí ìkúnlẹ̀ ni Arọra ti bá a, ó forí ti ògiri. "Kò wá," ló wí. "Ìtọ̀ ò wá rárá, Ẹ̀yinjú mi, mo fẹ́ kú."

Arọra kígbe pe bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì gbé e sínú ọkọ̀, màmá gba ẹ̀yìn wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, Arọra ò rọra. Ó ń já sí gbogbo ihò títì, kafíńtà ń ké ní gbogbo ihò, bàbá di orí rẹ̀ mú sórí itan, ó ń sọ fún un pé, "Ó ti ku díẹ̀, ọmọ mi, ó ti ku díẹ̀," bẹ́ẹ̀ ó ṣì jìnnà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gbìyànjú láti ti rọ́bà kọjá ní ojú ọ̀nà ìtọ̀. Kò gbà. Dókítà wá fi abẹ́rẹ́ pa abẹ́ ìdodo rẹ̀ kú kó má bàa dùn ún, ó gba ibẹ̀ ti rọ́bà wọ inú àpò ìtọ̀, ìtọ̀ sì tú jáde sínú báàgì. Ìtura tó dé bá a kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́, ó ń di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú.

Nọ́ọ̀sì náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni nígbà tó bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti ní àtọ̀sí rí?"

Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lásán ni Arọra àti màmá rẹ̀ wà. Kafíńtà gbọ́ bí bàtà màmá ṣe yí padà lórí ilẹ̀, kò, kò, kò, tó ń jáde lọ. Màmá ò tilẹ̀ dúró gbọ́ ìdáhùn.

Dókítà jókòó tì í lọ́jọ́ kejì, ó là á yé e. "Irin yẹn ò lè ṣe é mọ́. Bí a bá ṣe fipá là á tó, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dá ọgbẹ́ tuntun síbẹ̀. Ọgbẹ́ ń di àpá, àpá sì ń fún un pọ̀. Iṣẹ́ abẹ ló kù. A máa ṣí ibẹ̀, a máa gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, a máa fi lẹ̀ ẹ́ kó lè fẹ̀."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi yìí?" Kafíńtà fọwọ́ bo ẹnu. "Dókítà, kí ló kan ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Omi ti mọ́ inú ẹnu lára tọ̀sántòru. Kì í bínú sí i. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi ná. Rọ́bà inú ikùn yìí lẹ máa máa lò fún oṣù díẹ̀ kí a tó ṣe é."

"Ṣé kò ní padà mọ́?"

"Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í padà. Àmọ́ mi ò ní búra fún yín."

Nígbà tí Arọra wọlé, ó fa àga mọ́ ibùsùn, ó sì wo ojú rẹ̀. "Kí ló ṣe ọ́? Sọ fún mi. Màmá mi ti sọ tiwọn. Tìẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ kafíńtà lára. "Kí ni màmá sọ? Pé àtọ̀sí ni? Ṣé ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò rò nǹkan kan. Ìwọ ni mò ń bi."

Ó yẹ kó sọ ọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ìbínú gun orí ìtìjú. Ó rí báàgì tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó rí Arọra nínú aṣọ mímọ́, ó ní, "Máa lọ. Mi ò fẹ́ kó o fi ayé rẹ máa gbé báàgì ìtọ̀ ọkùnrin kiri."

"Àyànfẹ́."

Ó kọjú sí ògiri. "Mo ní kó o máa lọ."

Arọra dìde, ó dá àga náà padà sí àyè rẹ̀, ó lọ.

Kafíńtà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ kí báàgì má bàa hàn, ó ń tẹ̀ rọra, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ń fá pákó títí pákó á fi fẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fara dà á, ó fara dà á, ó wá ju òòlù sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Àwọn obìnrin ti sá fún ọ, ká gbà bẹ́ẹ̀. Èyí ò sá. Ìwọ lo lé e."

"Wọ́n ti sọ fún un pé àtọ̀sí ni."

"Kí lo wá sọ fún un, ìwọ?"

Kafíńtà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó.

"Ibòmíràn ló dí lára ẹ, àbúrò. Ẹnu ẹ ò dí!"

Ó kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, ẹ̀rín pa á, ó sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà fi bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi dé, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó so báàgì mọ́ itan, ó forí lé ilé àwọn òbí Arọra. Màmá ló ṣílẹ̀kùn. Ojú wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Arọra ò ní kó o wá."

"Ẹ̀yin ni mo wá bá, mà. Mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti sọ ni mo wá sọ."

Wọ́n jẹ́ kó wọlé. Bàbá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé ìwé ìròyìn àti awò ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kafíńtà ò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, ó sọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yọ̀, ó sọ nípa irin, ó sọ bó ṣe ń dí tó ń là. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n, nígbà tó dé àárín, kò gbọ̀n mọ́.

"Àtọ̀sí kọ́, mà. Àmọ́ mo ti wà ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú àwọn tó jẹ́ pé òun ló fa tiwọn. Ìrora kan náà là ń jẹ. Mi ò rí ibi tí mo ti sàn jù wọ́n lọ."

Màmá ò gbójú kúrò lára rẹ̀. "Ọmọ ńkọ́?"

"Mo bi dókítà. Ó ní ọ̀nà lásán ló fún, kò sí ohun tó ṣe ọmọ bíbí. Àmọ́ kò búra fún mi, èmi náà ò lè búra fún yín."

"Kí ló wá dé tó ò fi sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi?"

"Ojú ló ń tì mí, mà."

Bàbá wá wúkọ́. "Èmi náà," ni bàbá wí, "mo ti ń pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ láti bí ọdún kan. Kì í tètè wá mọ́."

Màmá yíjú sí bàbá bìrí. "Kí lẹ wí? Ẹ ní ìwé ìròyìn lẹ máa ń kà níbẹ̀!"

"Ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́."

Màmá káwọ́ lérí. Wọ́n wo ọkọ wọn, wọ́n wo kafíńtà, wọ́n tún wo ọkọ wọn. "Ẹ̀yin ọkùnrin! Ìtìjú ni yóò pa yín, kì í ṣe àìsàn." Ohùn wọn ti yí padà. Wọ́n fa àga kan síwájú, wọ́n fọwọ́ gbá a. "Jókòó, o ti dúró pẹ́ jù. Rárá, má jókòó. Arọra wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ ọkọ̀. Lọ bá a, èmi kọ́ lò ń fẹ́. Bàbá, ẹ̀yin náà, ẹ máa bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti sọ ọ́."

Arọra ń fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ gíláàsì iwájú ọkọ̀, ó ń fọ ojú kan náà ṣáá. Kò wẹ̀yìn.

"Mo gbọ́," ló wí. "Fèrèsé yẹn ò tì."

"Ẹ̀yinjú mi."

"Màmá mi lo wá sọ fún. Màmá mi, tó ń kó gbogbo ayé láyà jẹ!"

"Mo rò ó pé tí mo bá fi lè sọ ọ́ fún wọn, kò sí ẹni tí mi ò ní lè sọ ọ́ fún."

Arọra ju kàn-ìn-kàn-ìn sínú garawa, omi ta sí àwọn méjèèjì lára. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ṣé o mọ bí mo ṣe pẹ́ tó tí mo ti ń dúró? Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Mò ń wo bí ètè ẹ ṣe ń bó, mò ń sọ lọ́kàn mi pé lónìí ló máa sọ, lónìí ló máa sọ. Mi ò bìkítà ohun tó ṣe ọ́. Bó o ṣe ń gbé e pamọ́ fún mi ló dùn mí, bíi pé èmi náà wà lára àwọn tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀."

"Má bínú. Jọ̀ọ́, má bínú, ìfẹ́ mi. Mo ṣe é, mo jẹ̀bi."

Ó fẹ́ gbá a mọ́ra, àmọ́ ó rántí báàgì, ó sì fà sẹ́yìn. Arọra rí i. Ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan itan rẹ̀ láti orí ṣòkòtò, jẹ́jẹ́.

"Ó ti ń kún. Níbo ni wọ́n ti ń tú u?"

"Ẹnu kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Fi hàn mí."

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó kún fún ọṣẹ yẹn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́, tó nu ún gbẹ, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ kafíńtà mú. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, Arọra ò wakọ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n kafíńtà ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń dìde tí ilẹ̀kùn bá ti dún. Nígbà tí dókítà jáde wá tó ní ó ti parí, pé ó lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n náà gbá Arọra mọ́ra bí ẹni pé ìyẹn ló ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀hún.

Kafíńtà jí pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú bí ẹni tó fi bọ́ọ̀lù pamọ́ sẹ́nu. Ó la ojú, ó rí i.

"Ayoya," ló wí.

"Kí lo pè mí?"

"Ayoya mi."

Arọra rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kó jáde. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo wọ́ọ̀dù fi ń pè é ní Ayoya. Oúnjẹ tútù tó rọ̀ ni kafíńtà ń jẹ, Arọra ń fi ṣíbí bù ú sí ẹ̀gbẹ́ kejì ẹnu rẹ̀, ó sì ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó òun ni òun ń tọ́jú bí ọmọ ọwọ́.

"Ìyàwó kẹ̀? Èmi?" Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń wálẹ̀ nígbà yẹn.

"Ta ló máa ń wọ ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́? Èmi ni ọkọ."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ilé ìwòsàn tó tún pè wọ́n. Wọ́n ya fọ́tò inú ọ̀nà náà, dókítà ní ó ti jinná, kò jò. Wọ́n yọ rọ́bà tí wọ́n fi sí ojú ọ̀nà ìtọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n dí ti inú ikùn. "Ẹ máa mu omi," ni dókítà wí, "tí ìtọ̀ bá ti gbọ̀n yín, ẹ lọ gbìyànjú."

Màmá ti wá lọ́jọ́ náà, bàbá náà wá, òun náà ní ìwé oògùn tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo kafíńtà bó ṣe ń mu omi, bí ẹni ń wo àwòrán.

"Ẹ má wò mí báyìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló ń wò ọ́?" ni màmá wí, wọn ò sì yí ojú kúrò.

Nígbà tó tó àkókò, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó dúró. Ó ti mọ́ ọn lára láti tẹ̀ síwájú, láti fọwọ́ tẹ ikùn, láti sé èémí. Ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó tó tẹ nǹkan kan, ìtọ̀ ti tú jáde, ó nípọn, ó yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ó ń dún sínú àwo kíkankíkan, kò dá, kò ta á, kò dúró gba ẹ̀bẹ̀ kó tó wá. Ẹnu yà á. Ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń fi ohun ẹlòmíràn hàn.

Ilẹ̀kùn yẹn fẹ́lẹ́. Ó gbọ́ ohùn Arọra níta. "Ó ń dún! Ẹ gbọ́, ó ń dún bí omi ẹ̀rọ!"

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́," ni màmá wí, "jẹ́ kó parí," àmọ́ ohùn màmá náà ti fẹ́ di ẹkún.

Kafíńtà forí ti ilẹ̀kùn, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó jáde, bàbá ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i. "Kú oríire, ọmọ mi," ni bàbá wí. Arọra rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn lójú gbogbo ènìyàn, dókítà tó ń kọjá lọ sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún náà, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tí ènìyàn inú rẹ̀ ò pọ̀. Màmá ló sọ̀rọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n kafíńtà ló jó jù. Nígbà tí ọ̀sán rọ̀, tí àwọn àlejò ń dín kù, ọkọ àti ìyàwó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà kí ẹsẹ̀ wọn lè sinmi. Arọra bọ́ bàtà.

Kafíńtà di ẹsẹ̀ kan mú sórí itan rẹ̀, ó ń fọwọ́ ra á. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Kí ló dé?" ni Arọra bi í.

Nígbà kan, ì bá ní kò sí nǹkan kan. "Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí. "Bó bá tún padà dí ńkọ́?"

Arọra ò sọ fún un pé kò ní padà. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì lé e lórí itan.

"Lọ́jọ́ tó o bá kọ́kọ́ kíyè sí i, ṣé o máa sọ fún mi?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an."

"Kó tó alẹ́?"

"Kó tó ọ̀sán."

"Ó dáa," ni Arọra wí, ó forí lé èjìká ọkọ rẹ̀. "A jẹ́ pé a mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ra ẹsẹ̀ mi, jàre."